Iye Tí Ọjà Sọ àti Iye Tí Ọkàn Sọ: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ìpàdé ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ kan á wá yá owó, á ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òun ṣe ohun ìdúró. Bí ìgbìmọ̀ bá dé ilé rẹ̀, wọn á bá ọkọ̀ kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún lábẹ́ igi máńgòrò, tí a fi tapólì bò. Ẹni tí ó ni ín á ní ₦2,500,000 ni owó rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ìgbìmọ̀ mú dání á ní kò ju ₦800,000 lọ. Ojú á wá le. Onílé á rò pé wọ́n fẹ́ tẹ́ òun, ìgbìmọ̀ á rò pé onílé fẹ́ rẹ́ ẹgbẹ́ jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tí ó ti dé iwájú mi, kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Iye méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní orúkọ méjì. Iye tí ọjà sọ ni owó tí àlejò tí kò mọ̀ ọ́ rí, tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò san lónìí kí ó tó wa ọkọ̀ náà lọ. Iye tí ọkàn sọ ni owó tí ìwọ tí o ni ín yóò gbà kí o tó lè fi ọwọ́ ara rẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ìyá wa mọ èyí dáadáa. Bí ìyá kan ní Ọ̀yọ́ bá ní aṣọ sányán tí ìyá tirẹ̀ fi ṣe ìyàwó, kí ó gbé e lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, kí ó gbọ́ iye tí wọn yóò dá lé e. Yóò ká aṣọ rẹ̀ padà sínú àpótí ni. Ẹni tí ó dá iye náà kò bú u, òun náà kò sì ya wèrè tí ó fi gbé aṣọ rẹ̀ lọ sílé. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ohun tí ó bá pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni a máa di ara ẹni, ọjà kò sì ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ti dán an wò. Ní ọdún 1990, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ife ìmukọfí, wọn kò fún ìdajì yòókù. Wọ́n wá ní kí àwọn tí ó ni ife sọ iye tí wọn yóò tà á, kí àwọn tí kò ní sọ iye tí wọn yóò rà á. Iye tí àwọn tí ó ni ín béèrè tó ìlọ́po méjì iye tí àwọn yòókù fẹ́ san, ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ẹ kíyè sí i pé ife náà kò tí ì lò tó wákàtí kan lọ́wọ́ wọn. Bí ife ìmukọfí bá lè ṣe báyìí sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ nípa Peugeot tí ènìyàn fi gbé ìyàwó, tí ó fi gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí ó sì fi gbé òkú bàbá rẹ̀ wálé?

Bí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ wà lára àwọn ọ̀nà tí ìjọba kọ́kọ́ tún ṣe fún mọ́tò ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní nǹkan bí ọdún 1906. Ṣùgbọ́n ọdún 1975 ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bọ́ sí ọwọ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ọ́fíìsì. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, oṣù kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà gan-an ni owó Udoji bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n san àjẹsílẹ̀ owó oṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò rí owó rà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ yá a níbi iṣẹ́, tàbí kí ó yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀. Peugeot 504, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, bá ọ̀nà wa mu nítorí pé ó ga nílẹ̀, kò sì bẹ̀rù kòtò. Ti Volkswagen, èyí tí a ń pè ní Ìjàpá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò sì ń mu omi rárá, atẹ́gùn ni ó ń tù ú.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1986 dé, tí wọ́n dá ọjà pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọkọ̀ tuntun sá fún òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó ní 504 kò lè ra òmíràn mọ́, ó di dandan kí ó máa tún ti ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Tòkunbọ̀ wá gba títì. Èyí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ fi pẹ́ lọ́wọ́ ìran kan ṣoṣo ní ilẹ̀ wa. Ní ìlú òyìnbó, olówó ni ó máa ń tọ́jú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún afẹ́. Níhìn-ín, ẹni tí kò rí òmíràn rà ni ó tọ́jú rẹ̀, nígbà tí ó sì fi máa rí owó òmíràn, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a ká kúrò lójú ọ̀nà níbí. Ọmọ ẹgbẹ́ a máa sọ pé, “Ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan ni bàbá mi ra ọkọ̀ yìí. Lónìí, wọ́n ń fún mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ṣé ẹ rí i pé ó ń lówó lórí sí i?” Rárá o. Náírà ni ó ti rù, ọkọ̀ kò sanra. Kí onítọ̀hún béèrè iye àpò ìrẹsì tí owó bàbá rẹ̀ lè rà nígbà náà, kí ó sì béèrè iye tí owó tí wọ́n ń fún un lónìí lè rà. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá ọkọ̀ rẹ̀ gòkè tàbí ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tún rántí ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Jálá epo kan kúrò ní nǹkan bí ₦190, ó bọ́ sí òkè ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì dúró síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ti ń kọ́kọ́ béèrè bí ó ṣe ń mu epo sí. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ń lo kabúrétọ̀ kò rí èsì gidi fún ìbéèrè yẹn. Kò sí ohun tí olówó rẹ̀ ṣe, ọjà ni ó yí padà.

Ọ̀ràn bàbá tíṣà

Ọ̀ràn kan wáyé ní Ọ̀yọ́ tí n kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí ó kàn. Tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ yá ₦1,200,000 láti fi dá iṣẹ́ adìyẹ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Owó ìfipamọ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ jẹ́ ₦350,000. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ènìyàn lè yá ìlọ́po méjì owó tí ó ní, bí onídùúró méjì bá fọwọ́ sí i. Bàbá mọ̀ pé ₦700,000 ni èyí já sí, ó sì ní òun yóò fi 504 òun dí àlàfo tí ó kù.

Alága ẹgbẹ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ bàbá ni nígbà kan rí. Nígbà tí mẹkáníìkì dá iye tirẹ̀, bàbá kò tilẹ̀ wo mẹkáníìkì. Alága ni ó yíjú sí.

“Ọkọ̀ yìí ni mo fi gbé ọ lọ ṣe ìdánwò ní Ìbàdàn. Ó ti gbàgbé?”

“N kò gbàgbé, sà.”

“Èló ni o wá dá lé e?”

Alága kò lè fèsì. Bí ó bá sọ iye tí ọjà sọ, ó di aláìmoore. Bí ó bá sì fọwọ́ sí iye tí bàbá sọ, owó ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lóṣooṣù ni ó fi ń san oore tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rò pé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ rọrùn, ẹ ro ti alága yìí wò.

Akọ̀wé wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ni ó rí ọ̀nà gbà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Bí ó bá di pé ẹgbẹ́ ní láti ta ọkọ̀ yìí, ta ni a máa tà á fún?” Bàbá ronú títí. Ẹni tí yóò rà á kì yóò jẹ́ ẹni tí bàbá fi gbé lọ ṣe ìdánwò. Onítakisí abúlé ni yóò jẹ́, tàbí ẹni tí ó fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Irú wọn kò ní san kọ́bọ̀ nítorí Ìbàdàn.

Bàbá gba ₦700,000, ó ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn onídùúró jáde wá, ènìyàn méje ni ó dìde. Mẹ́fà nínú wọn ni ó ti jókòó nínú kíláàsì bàbá rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn yìí ni pé iye tí ọkàn sọ lórí ọkọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí lára irin. Ara àwọn ènìyàn ni ó wà. Òfin ẹgbẹ́ wa sì ti ní àyè kan tí a lè kọ irú iye bẹ́ẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ìlà tí onídùúró ń fọwọ́ sí.

Bí ìgbìmọ̀ yóò ṣe dá iye lé ọkọ̀

Bí ó bá jẹ́ dandan kí ẹgbẹ́ gba ọkọ̀ àtijọ́ ní ohun ìdúró, ẹ wá iye lọ́dọ̀ ènìyàn mẹ́ta tí wọn kò jọ sọ̀rọ̀. Kí ọ̀kan jẹ́ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ èyí tí ó ń tún ọkọ̀ náà ṣe, nítorí ojú kan náà tí olówó ọkọ̀ fi ń wò ó ni òun náà fi ń wò ó. Kí èkejì jẹ́ alágbàtà ọkọ̀. Kí ẹ̀kẹta jẹ́ ẹni tí ó ra tàbí tí ó ta irú ọkọ̀ náà láàárín ọdún kan sí àsìkò yẹn. Ẹ béèrè iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ara wọn, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè. Iye tí wọ́n pè kì í ṣe ẹ̀rí. Mo mọ ọkọ̀ kan lẹ́bàá Owódé tí wọ́n ti kọ “fún títà” sí lára fún ọdún mẹ́rin, iye kan náà ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó tí ì san án.

Ká sọ pé àwọn mẹ́ta dá ₦900,000, ₦1,000,000 àti ₦800,000. Bí a bá pa á pọ̀ tí a sì fi mẹ́ta pín in, ₦900,000 ni. Ẹ má tí ì yá owó lórí ìyẹn. Bí ẹgbẹ́ bá ní láti ta ọkọ̀ náà, gbàǹjo ni yóò fi lù ú, láàárín oṣù kan, gbogbo ìlú yóò sì ti mọ̀ pé tipátipá ni. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò fún èyí, ó ku ₦600,000. Kí owó tí ẹ ó yá a lórí ọkọ̀ náà má kọjá ìdajì ìyẹn, tí í ṣe ₦300,000, nítorí ọkọ̀ tí ẹ dá iye lé lónìí lè fọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́la kí ẹni tí ó yá owó tó san ìdajì. Àwọn kan á ní mo le jù. Kí wọ́n lọ wo àgbàlá àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ajigbèsè, kí wọ́n ka iye ọkọ̀ tí koríko ti bò níbẹ̀.

Ẹ sì yẹ ìwé ọkọ̀ wò kí ẹ tó yẹ táyà wò. Orúkọ ta ni ó wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni ó ṣì wà ní orúkọ bàbá tí ó ti kú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó ń wà á, ti gbogbo ọmọ olóògbé ni. Ọmọ kan kò lè dá fi ohun ìní ẹbí dúró.

Nígbà tí ó bá di ogún

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ òkú, ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀wò díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjà tí ó le jù ti máa ń ṣẹlẹ̀. Àṣà wa ní ọ̀nà méjì tí a fi ń pín ogún. Ti ìdí-igi ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tí ó bí ọmọ fún olóògbé, ti orí-ò-jorí ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ fìdí ìdí-igi múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní 1958, àwọn onídàájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962. Olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá dé. Ilẹ̀ ṣeé fi okùn pín. Ọkọ̀ kò ṣeé gé.

Ká sọ pé ọmọ mẹ́ta ni, orí-ò-jorí ni wọ́n sì fẹ́ lò. Ọ̀kan fẹ́ràn ọkọ̀ bàbá, àwọn méjì yòókù fẹ́ owó. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ á ní irin lásán ni, kí wọ́n fún òun ní ọ̀fẹ́. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ á ní bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ó san mílíọ̀nù méjì. Ẹ kíyè sí i pé olúkúlùkù ń lo iye tí yóò gbè é. Ìmọ̀ràn mi ni pé iye tí ọjà sọ ni kí wọ́n lò. Bí ó bá jẹ́ ₦900,000, kí ẹni tí ó gbé ọkọ̀ san ₦300,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yòókù. Ìfẹ́ tí ó ní sí i, tirẹ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti gba owó orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ méjì bá fẹ́ràn ọkọ̀ kan náà ńkọ́? Níbí ọ̀ràn yí padà pátápátá. Kí olúkúlùkù kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, kí ó dì í, kí ó fi fún olórí ẹbí. Bí ọ̀kan bá kọ ₦1,050,000, tí èkejì kọ ₦1,200,000, ti èkejì ni ọkọ̀. Yóò san ₦400,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì tí ó kù. Ẹ wò ó bí iye tí ọkàn sọ ṣe di owó tí ènìyàn lè kà. Ọkàn kan kì í dá ọjà. Nígbà tí ọkàn bá di méjì, ọjà dé nìyẹn.

Èyí gan-an ni àṣírí ọkọ̀ àtijọ́ olówó ńlá tí a ń gbọ́ nípa wọn ní ìlú òyìnbó, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan sì fi ń rò pé ti àwọn náà yóò di wúrà. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Ford Mustang kan wà tí òṣèré Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt ní 1968. Ọkùnrin kan rà á ní 1974 ní $6,000. Ní 1977, McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i pé kí ó tà á fún òun, ọkùnrin náà kò tà á. Ọkọ̀ náà wà nínú ẹbí rẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí gbàǹjo ní Florida, iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Mercedes-Benz 300 SLR kan tí wọ́n ṣe ní 1955 lọ ní mílíọ̀nù 135 owó euro, iye tí ẹnikẹ́ni kò san rí lórí ọkọ̀ kan ní gbàǹjo. Méjì péré ni wọ́n ṣe nínú irú rẹ̀. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní Mẹ́síkò ní 2003 lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń retí kí Ìjàpá inú àgbàlá rẹ̀ ní Tákié ṣe bíi ti Mercedes yẹn, kí ó kọ́kọ́ wá olówó méjì tí wọn yóò jọ du ú.

Ọkọ̀ mìíràn sì wà tí ọjà kò ní ọ̀rọ̀ sọ lórí rẹ̀ rárá. Mercedes dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkan ni wọ́n gbé e sí, ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Ta ni yóò fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe takisí? Síbẹ̀, ta ni yóò ní kí wọ́n tà á fún onírin àlòkù?

Ìjàpá agbẹ̀bí

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń kọ́ ẹgbẹ́ láti máa fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ẹgbẹ́ kan bèèrè fún ₦600,000 láti fi tún Ìjàpá tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ṣe. Agbẹ̀bí ni ìyá náà. Owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó fi ra ọkọ̀ náà, ó sì san gbèsè rẹ̀ tán kí ó tó pé. Òun ni ó fi ń gbé àwọn aláboyún lóru. Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ó bá tún un ṣe tán, ₦600,000 náà kò ní wà lára rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò rà á ju ₦500,000 lọ.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Owó tí a ná sára ọkọ̀ àtijọ́ kì í dúró sára rẹ̀. Panẹ́bítà, réwáyà àti oníkun ti gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n léèrè bóyá ẹgbẹ́ wọn kì í yá ènìyàn lówó ìsìnkú tàbí ìṣílé. Wọ́n ní àwọn ń yá a. Ǹjẹ́ owó ìsìnkú a máa wà lára òkú lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ? Owó ìnáwó ni, ènìyàn a sì máa fi owó oṣù tàbí èrè ọjà rẹ̀ san án. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé owó ìnáwó ni, kí wọ́n wo bóyá owó oṣù ọkùnrin náà gbé e, kí wọ́n má kọ ọ́ pé owó òwò ni, kí wọ́n má sì gba ọkọ̀ náà ní ohun ìdúró. Ohun tí ó wu ènìyàn ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀. Bí ó ti ń san gbèsè rẹ̀, kò sí èyí tí ó kan ẹgbẹ́ nínú ohun tí ó wù ú.

Wọ́n yá a ní ₦450,000. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ wá sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó ní inú ọkọ̀ náà ni wọ́n bí òun sí, ìyá òun kò lè dúró dé ilé ìwòsàn. Bátìrì tuntun ni ó gbé wá.

Àwọn tí ń ra irin

Ó ku ìkìlọ̀ kan, ti òdìkejì ni. Bí iye tí ọkàn sọ ṣe lè tan ènìyàn jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni àìmọ iye tí ọjà sọ. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ń kiri àdúgbò, pàápàá ibi tí wọ́n bá gbọ́ pé òkú ti kú. Wọn á bá opó nílé, wọn á ní irin ìpẹtà ni, wọn á fi òṣùwọ̀n irin dá iye lé odindi ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì, gíà, ilẹ̀kùn àti gíláàsì iwájú 504 ṣì ní ẹni tí ń wá wọn lójú méjèèjì, níwọ̀n ìgbà tí ilé iṣẹ́ kò ṣe wọ́n mọ́. Opó tí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kí ó ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ó tó gba kọ́bọ̀. Ènìyàn mẹ́ta tí mo sọ lókè yẹn, kí ẹgbẹ́ bá a pè wọ́n.

Iṣẹ́ fún ìpàdé tí ń bọ̀

Kí akọ̀wé ka ọ̀ràn yìí sí etí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ₦280,000 ní ìfipamọ́. Ó fẹ́ yá ₦900,000 láti fi kún ọjà rẹ̀. Ó mú 504 wá, ó ní ₦2,000,000 ni. Àwọn mẹ́ta tí ẹ pè dá ₦700,000, ₦850,000 àti ₦700,000. Orúkọ bàbá rẹ̀ tí ó kú ní 2011 ni ó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ márùn-ún ni ó wà láyé, ọ̀kan wà ní Ìlọrin, kò sì tí ì gbọ́ sí i. Èló ni ẹgbẹ́ yín lè yá a, lórí kí ni, àti pé ọ̀rọ̀ wo ni alága yóò kọ́kọ́ bá a sọ? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Nígbà tí mo bá wá yẹ ìwé yín wò, èmi yóò béèrè fún ojú ewé náà.